Ìyípadà purotéènì nínú omi inú ẹyinjú àwọn tó ní glaucoma

Ìyípadà purotéènì nínú omi inú ẹyinjú àwọn tó ní glaucoma ni gbogbo àyípadà tó ń dé bá iye, irú àti ìṣesí àwọn purotéènì tó wà nínú omi mímọ́ gaara tó kún iwájú ẹyinjú, nígbà tí àrùn glaucoma bá wọ ojú. Omi yìí kì í ṣe omijé. Omijé ń ṣàn lóde ojú, ó ń fọ ojú, ó sì ń dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Omi inú ẹyinjú kì í jáde síta, inú ojú ni ara ti ń ṣe é, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń padà sí. Nítorí pé ó ń kọjá níbi tí àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, àwọn olùwádìí ti ń yẹ purotéènì inú rẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ìrètí pé yóò tọ́ka ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú ewu kí ìríran rẹ̀ tó bàjẹ́. Ìṣòro tó le jù lọ nínú ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ni bí a ó ṣe mọ purotéènì tó ń fa àrùn yàtọ̀ sí èyí tó kàn jẹ́ ipasẹ̀ tí àrùn fi sílẹ̀.

Omi inú ẹyinjú

Ẹran ara kan tó rọ̀gbà yí lẹ́ńsì ojú ká, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ciliary body, ni ó ń ṣe omi náà láti inú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bíi máíkirólítà 2 sí 3 ni ó ń ṣe ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Omi yìí ń ti ẹ̀yìn iris, ìyẹn aṣọ aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká, bọ̀; ó ń gba inú ọmọlójú bọ́ sí yàrá iwájú ẹyinjú, níbi tí ó ti ń gbé oúnjẹ fún lẹ́ńsì àti kọ́níà, tí kò ní òpó ẹ̀jẹ̀ tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni ó ń jáde ní igun tí kọ́níà àti iris ti pàdé. Asẹ́ tín-ín-rín kan wà ní igun náà, trabecular meshwork ni orúkọ rẹ̀. Omi ń sẹ́ gba inú asẹ́ yìí kọjá sínú ọ̀nà omi róbótó tí a ń pè ní ọ̀nà Schlemm, ibẹ̀ ni ó sì ti ń dà sínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba àárín ẹran ara ciliary body lọ láìkan asẹ́ náà.

Gbogbo omi tó wà nínú yàrá iwájú kò ju nǹkan bíi máíkirólítà 250 lọ, èyí tó tó ẹ̀kán omi márùn-ún péré. Purotéènì inú rẹ̀ kéré gan-an. Nínú mìlílítà 100 omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú rẹ̀, gíráàmù 6 sí 8 purotéènì ni ó máa ń wà. Nínú mìlílítà 100 omi inú ẹyinjú, nǹkan bíi mìlígíráàmù 20 ni, tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti inú ẹ̀jẹ̀. Odi kan ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ciliary body àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ inú iris so mọ́ra wọn tímọ́tímọ́, tí àwọn purotéènì ńláńlá inú ẹ̀jẹ̀ kò fi ráyè kọjá fàlàlà. Bí odi yìí bá ya, bó ṣe máa ń rí nígbà tí inú ojú bá wú, purotéènì á ya wọlé, dókítà á sì rí i pé ìtànṣán iná rẹ̀ ń hàn nínú omi náà bí ìtànṣán oòrùn ṣe ń fi eruku hàn nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Nínú ojú tó dá ṣáṣá, omi náà gbọ́dọ̀ mọ́ gaara kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá.

Kì í ṣe gbogbo purotéènì ni ó ń gba ojú ọ̀nà kan náà wọlé. Púpọ̀ nínú èyí tó wá láti inú ẹ̀jẹ̀ kì í bá omi gba inú ọmọlójú. Ìdí iris ni wọ́n ti ń jò wọ yàrá iwájú, nítòsí asẹ́ náà gan-an. Àwọn mìíràn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ojú fúnra wọn ṣe. Albumin ni ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn.

Àrùn glaucoma

Glaucoma kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Àkójọ àwọn àrùn ni, tí gbogbo wọn ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ́tínà tí okùn wọn para pọ̀ di iṣan ìríran, ìyẹn iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ènìyàn aláwọ̀ dúdú ni glaucoma onígun ṣíṣí: igun ojú wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n asẹ́ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi kọjá bó ṣe yẹ. Omi ń wọlé, kò ráyè jáde tó, ìfúnpá inú ojú sì ń ròkè. Ìfúnpá tó wọ́pọ̀ wà láàárín 10 sí 21 ní ìwọ̀n mìlímítà mẹ́kúrì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń ní glaucoma láìkọjá 21, tí àwọn mìíràn sì ń kọjá 21 fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní àrùn náà.

Irú èyí kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ìríran ni ó ń kọ́kọ́ jẹ, ẹni náà kì í sì í fura, nítorí ojú kan máa ń rí ohun tí ojú kejì kò rí mọ́. Ìríran tó bá ti lọ kì í padà. Oògùn ìkán-sójú, ìtànṣán lésà àti iṣẹ́ abẹ kàn ń dá èyí tó kù dúró ni, nípa mímú kí ìfúnpá wálẹ̀. Ìṣirò kan tó jáde ní 2014 fojú bù ú pé àwọn tó ní glaucoma ní gbogbo ayé yóò tó mílíọ̀nù 76 ní ọdún 2020.

Bí wọ́n ṣe ń gba omi náà fún àyẹ̀wò

Kò sí dókítà tó ń ti abẹ́rẹ́ bọ ẹyinjú ẹni tí ara rẹ̀ le nítorí ìwádìí lásán. Orí ibùsùn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń gba omi yìí. Nígbà tí dókítà bá fẹ́ la ọ̀nà tuntun fún omi nínú ojú ẹni tó ní glaucoma, ìyẹn iṣẹ́ abẹ trabeculectomy, tàbí tó bá fẹ́ yọ lẹ́ńsì tó ti dì funfun nítorí àrùn cataract, yóò kọ́kọ́ ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ etí kọ́níà, yóò sì fa nǹkan bíi máíkirólítà 50 sí 150. Wọ́n á gbé e sínú yìnyín kíákíá, wọ́n á sì fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ amú-nǹkan-dì ní ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí purotéènì inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́.

Nínú àyẹ̀wò kan, olùwádìí ti mọ purotéènì tó ń wá: yóò lo àńtíbọ́dì tó ń dì mọ́ purotéènì yẹn nìkan, yóò sì wọn iye rẹ̀. ELISA ni wọ́n ń pe irú èyí. Nínú òmíràn, kò yan ohun kankan ṣáájú: wọ́n á gé gbogbo purotéènì inú omi náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ mass spectrometer wọn ìwúwo ègé kọ̀ọ̀kan láti mọ purotéènì tó ti wá. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fi irú ọ̀nà yìí to purotéènì 676 jáde láti inú omi ojú àwọn aláìsàn cataract. Ìdènà ńlá ni albumin níbẹ̀. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bo àwọn kéékèèké mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kéékèèké yìí ni ó sábà ń gbé ìròyìn lọ láàárín sẹ́ẹ̀lì.

TGF-β2

Nínú gbogbo purotéènì tí wọ́n ti so mọ́ glaucoma, TGF-β2 ni ìwádìí pọ̀ lé lórí jù. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ó ní iṣẹ́ rere tó ń ṣe nínú ojú tó dá ṣáṣá: ó wà lára ohun tó ń pàrọwà fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, kí wọ́n má bàa ja ìjà àjàkú tí yóò ba ojú jẹ́. Ní 1994, Tripathi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé ó pọ̀ nínú omi ojú àwọn tó ní glaucoma onígun ṣíṣí ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Àwọn olùwádìí mìíràn tún àyẹ̀wò náà ṣe, wọ́n sì rí ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nínú ojú gbogbo aláìsàn ni ó ti ń pọ̀.

Nígbà tí TGF-β2 bá pọ̀ létí asẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì asẹ́ á máa ṣe fibronectin àti collagen ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn àwọn purotéènì olókùn tó ń kún àárín sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á tún ṣe PAI-1, tó ń dí àwọn ènsáìmù tí ìbá máa palẹ̀ àwọn okùn náà mọ́ lọ́wọ́. Àwọn ènsáìmù mìíràn, transglutaminase àti lysyl oxidase, á sì so àwọn okùn náà mọ́ ara wọn tí wọn kò fi ní rọrùn láti tú. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ bí omi ṣe ń falẹ̀ nígbà tí èèrí bá ti lẹ̀ mọ́ asẹ́; ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé asẹ́ ojú kò ṣe é gbọ̀n nù.

Ẹ̀rí pé TGF-β2 ń kópa nínú fífa àrùn náà kò mọ sórí iye rẹ̀ nínú omi. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi í sínú omi tó ń la ojú tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ lẹ́yìn ikú wọn kọjá, omi náà kò rọ́nà jáde bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fi jíìnì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ sínú ojú eku, ìfúnpá ojú eku náà ròkè.

Síbẹ̀, láti orí èyí dé orí ìwòsàn jìnnà. Ilé iṣẹ́ Cambridge Antibody Technology ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àńtíbọ́dì kan tó ń dè TGF-β2 mọ́lẹ̀, lerdelimumab ni orúkọ rẹ̀. Ète wọn ni láti máa gún un sábẹ́ awọ tó bo funfun ojú nígbà iṣẹ́ abẹ trabeculectomy, kí àpá má bàa dí ọ̀nà tuntun tí dókítà là. Nínú ìdánwò ńlá tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007, oògùn náà kò sàn ju oògùn aláìlágbára tí wọ́n fi wé e lọ.

Myocilin

Ọ̀rọ̀ myocilin yàtọ̀, nítorí pé àìsí rẹ̀ nínú omi ni àmì. Ní 1997, Edwin Stone, Val Sheffield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé àyípadà nínú jíìnì tí a wá ń pè ní MYOC ń fa glaucoma onígun ṣíṣí nínú àwọn ìdílé kan, pàápàá irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe. Nínú àwọn àgbàlagbà tó ní glaucoma onígun ṣíṣí, nǹkan bí ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àyípadà nínú jíìnì yìí.

Sẹ́ẹ̀lì asẹ́ máa ń ṣe myocilin, ó sì máa ń tú u sínú omi. Nígbà tí jíìnì bá ti yí padà lọ́nà tó ń fa àrùn, purotéènì náà kì í ká bó ṣe yẹ. Sẹ́ẹ̀lì kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ jáde. Inú ni ó ń kó jọ sí, tí yóò fi ni sẹ́ẹ̀lì náà lára, tí yóò sì pa á níkẹyìn. Ìwádìí kan ní 2001 fi hàn pé irú myocilin bẹ́ẹ̀ kò sí nínú omi ojú àwọn tó jogún àyípadà náà. Ẹni tó bá wo omi náà nìkan lè rò pé àìtó myocilin ni ó ń fọ́ ojú. Kò rí bẹ́ẹ̀: eku tí wọ́n yọ jíìnì náà kúrò lára rẹ̀ pátápátá kò ní glaucoma. Èyí tó há sínú sẹ́ẹ̀lì ni ó ń pani lára, kì í ṣe èyí tí kò sí nínú omi.

Sítẹ́rọ́ìdì náà ń mú kí sẹ́ẹ̀lì asẹ́ ṣe myocilin púpọ̀, ó sì ń gbé ìfúnpá ojú sókè nínú àwọn kan. Àwọn olùwádìí fìgbà kan rò pé myocilin ni ó so ohun méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìyẹn kò lágbára mọ́. Ohun tó dájú ni pé oògùn ìkán-sójú tó ní dexamethasone tàbí betamethasone nínú, tí ọ̀pọ̀ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì fún ojú pípọ́n tàbí ojú yíyún láìsí ìwé dókítà, lè fa glaucoma bí ẹni náà bá ń lò ó lọ fún ìgbà pípẹ́.

ANGPTL7

ANGPTL7 ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ nípa bí ohun tí a rí nínú omi ṣe lè di ohun tí a lè fọkàn tán. Ní 2008, Kuchtey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé purotéènì yìí pọ̀ nínú omi ojú àwọn tó ní glaucoma, àti pé TGF-β2 àti dexamethasone ń mú kí sẹ́ẹ̀lì asẹ́ ṣe é sí i. Títí di àkókò yìí, kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ lára ọ̀pọ̀ purotéènì mìíràn tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti jáde nípa wọn.

Ẹ̀rí tó kù wá láti ibòmíràn. Ní 2020, àwọn olùwádìí tó yẹ àkọsílẹ̀ jíìnì ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Finland rí i pé àwọn kan jogún àyípadà kan nínú jíìnì ANGPTL7, tí ìfúnpá ojú wọn kéré, tí glaucoma kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn tó ti àwọn yòókù. Ìwádìí mìíràn ní 2022 tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn àyípadà tó ń sọ purotéènì náà di aláìlágbára ń dáàbò bo ojú, àti pé dídín in kù nínú ojú eku ń mú ìfúnpá wálẹ̀. Jíìnì tí a bí mọ́ni ti wà kí àrùn tó dé, kò sì lè jẹ́ ipasẹ̀ àrùn. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn omi àti ti jíìnì bá bára mu, okùnfà ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Àwọn irú glaucoma àti àwọn purotéènì mìíràn

Nínú glaucoma tó ń tẹ̀lé àtọ̀gbẹ tàbí dídí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ́tínà, okùnfà náà hàn kedere. Rẹ́tínà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa ń tú VEGF jáde, VEGF á kún inú omi ojú, òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun á sì hù sórí iris, wọ́n á sì dí igun tí omi ń gbà jáde. Abẹ́rẹ́ oògùn tó ń dènà VEGF máa ń mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ náà rọ. Nínú glaucoma tó ń tẹ̀lé ìdọ̀tí funfun bí ìrun orí tó ń lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì, TGF-β1 ni ó ń pọ̀, tí clusterin, tó ń bá purotéènì mìíràn tún ìkáká wọn ṣe, sì ń dín kù. Nígbà tí igun ojú bá pa dé lójijì, odi tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti omi máa ń ya, purotéènì oríṣiríṣi á sì rọ́ wọlé; púpọ̀ nínú wọn kò sọ ju pé odi ti ya lọ.

Transthyretin ni ìwádìí kan ní 2008 rí pé ó pọ̀ nínú omi ojú àwọn tó ní glaucoma onígun ṣíṣí. Ó ṣe pàtàkì nítorí pé àwọn tó jogún àrùn tí transthyretin fi ń dì jọ sínú ara máa ń ní glaucoma pẹ̀lú. Wọ́n tún ti rí endothelin-1, tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀, àti CD44 tó ti já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, ní iye tó ga. Neurofilament light wá láti inú egungun okùn iṣan ìríran tó ń kú. Ipasẹ̀ àrùn ni, kò sí àníàní, ṣùgbọ́n irú ipasẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò bí a bá fẹ́ mọ bí àrùn ṣe ń yára tó.

Ohun tó ń da èsì rú

Èsì ìwádìí kan kì í sábà bá ti òmíràn mu, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Ẹni tí wọ́n fi ń wé aláìsàn glaucoma jẹ́ aláìsàn cataract, nítorí pé ojú tirẹ̀ nìkan ni wọ́n láṣẹ láti ṣí. Lẹ́ńsì tó ti bàjẹ́ sì lè yí purotéènì inú omi padà. Èkejì ni oògùn. Aláìsàn tó dé orí ibùsùn trabeculectomy ti ń kán oògùn fún oṣù tàbí ọdún, àwọn oògùn bíi latanoprost sì ń yí iye àwọn ènsáìmù tó ń tú okùn àárín sẹ́ẹ̀lì padà. Olùwádìí lè wọn iṣẹ́ oògùn kí ó sì pè é ní iṣẹ́ àrùn. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, bí àrùn ṣe pẹ́ tó wà níbẹ̀, iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò sì máa ń kéré, nígbà mìíràn tí kò tó ogójì.

Ìṣòro mìíràn ni pé ìfúnpá fúnra rẹ̀ ń na asẹ́, asẹ́ tó bá sì nà á yí ohun tó ń ṣe padà. Purotéènì tó pọ̀ nínú omi lè jẹ́ ìdáhùn ojú sí ìfúnpá, bóyá láti gbìyànjú láti gba ara rẹ̀ là. Àyẹ̀wò omi tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè sọ èyí tó ṣáájú. Nítorí ìdí wọ̀nyí, kò sí purotéènì inú omi ẹyinjú kankan tí àwọn dókítà ń fi dá glaucoma mọ̀ ní ilé ìwòsàn. Wíwọn ìfúnpá, wíwo orí iṣan ìríran àti yíyẹ ẹ̀gbẹ́ ìríran wò ni wọ́n ṣì ń lò. Nítorí pé kò sí bí wọ́n ṣe lè fi abẹ́rẹ́ gún ojú gbogbo ìlú, àwọn olùwádìí kan ti kọjú sí omijé, pẹ̀lú ìrètí pé díẹ̀ nínú ìyípadà inú yóò hàn síta.

Glaucoma àti purotéènì láàárín àwọn ènìyàn Áfíríkà

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 àti 2007 fi hàn pé láàárín àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún, nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní glaucoma. Òun ni ó ṣìkejì lẹ́yìn cataract nínú ohun tó ń fọ́ ojú wọn, ó sì fa nǹkan bí ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní in kò mọ̀ títí àwọn olùwádìí fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tó jáde ní 1991 rí i pé glaucoma onígun ṣíṣí pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Pẹ̀lú èyí, inú ojú àwọn ará Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Éṣíà ni púpọ̀ nínú omi tí wọ́n ti yẹ purotéènì rẹ̀ wò ti wá. Ó ṣeé ṣe kí purotéènì tó ń tọ́ka àrùn ní Finland má tọ́ka ohun kan náà ní Ìbàdàn. Ìwádìí jíìnì ti fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Ní 2019, àjọṣe àwọn olùwádìí kan tí àwọn ará Nàìjíríà àti Gánà kópa nínú rẹ̀ ròyìn àyípadà kan nínú jíìnì APBB2 tó ń mú kí ewu glaucoma onígun ṣíṣí pọ̀ láàárín àwọn tó ní ìran Áfíríkà, tí kò sì fi ara hàn bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ará Yúróòpù àti Éṣíà. Purotéènì tí jíìnì yìí ń ṣe ń bá purotéènì tí amyloid β ti ń jáde ṣiṣẹ́, ìyẹn amyloid tí a mọ̀ mọ́ àrùn Alzheimer inú ọpọlọ.